Kẹ̀kẹ́ Tí Bàbá Wa Kò Mọ̀ Ọ́n Gùn

Ohun tó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní Ìlú Ọba kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti sọ ti òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti kó ṣúẹ́tà bò mí débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mí. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ènìyàn lè jí láàárọ̀, kó kọjá lára èrò rẹpẹtẹ, kó má sì rí ẹyọ ẹnì kan tí yóò kí i.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Ní Ìkẹ́rẹ́, tí o bá kọjá níwájú ẹni tó jókòó sí ìta ilé rẹ̀, tí o kò kí i, kì í ṣe ìwọ ni wọn yóò bú. Ìyá rẹ ni. Wọn á ní, "Ọmọ ta nìyẹn?" Kí o tó délé, ẹjọ́ rẹ ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí mo jáde ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìlú kékeré tí mò ń gbé ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Mo kí ọkùnrin tó ń gbá ojú títì. Mo kí obìnrin tó ń fa ajá. Obìnrin náà wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá wí, ó sì fa ajá rẹ̀ sọdá sí òdìkejì. Ajá náà nìkan ló bojú wẹ̀yìn wò mí. Nígbà tí mo wọ bọ́ọ̀sì, mo fi Gẹ̀ẹ́sì kí gbogbo ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kẹ́kẹ́ pa. Awakọ̀ wò mí nínú dígí, ó ní, "Mà, ṣé kò sí wàhálà?"

Níbi iṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni wọ́n gbà mí sí. Àwa la máa ń wẹ̀ fún wọn, àwa la ń fún wọn lóúnjẹ, àwa la ń gbé wọn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Lọ́jọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá wa, obìnrin kan tó máa ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀, mú mi wọ yàrá bàbá kan tó ń jẹ́ Albert. Bàbá náà ti dàgbà gan-an. Irun orí rẹ̀ funfun bí òwú, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó lejú koko bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè ẹ̀bẹ̀. Orúnkún mi kò bi mí léèrè. Ó kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gá figbe ta. Ó rò pé mo ṣubú ni. Kí n tó lajú, ẹnì kan ti gbé omi dídì wá, ẹlòmíràn ti ti àga oníkẹ̀kẹ́ wọlé, wọ́n ń tẹ orúnkún mi, wọ́n ń bi mí pé ṣé ibí ló ti ń dùn mí àbí ibí. Mo ń ṣàlàyé, wọn ò gbọ́. Bàbá Albert nìkan ló ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, ó ń kí mi ni. Láti ìgbà tí mo ti wà níbí, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó kí mi kó tó bi mí bóyá mo ti yàgbẹ́."

Báyìí ni èmi àti bàbá náà ṣe di ọ̀rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹnu mi. Tíṣà ni mí nílé. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkẹ́rẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo ti fa etí ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé ó pe "ship" bíi "sheep". Nígbà tí mo wá dé ìlú àwọn tó ni èdè, wọn kò gbọ́ nǹkan kan tí mo sọ. "Pardon?" ni gbogbo wọn ń wí. Mo gbọ́ "pardon" tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rò ó pé bóyá wọ́n ti yí orúkọ mi padà ni. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹnu mi ṣe. Mo ká ahọ́n kò, mo ń fi imú sọ̀rọ̀, mo ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni tí egungun ẹja há sí lọ́fun. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àgbọ̀n á máa ro mí bíi pé àgbàdo gbígbẹ ni mo ti ń jẹ láti àárọ̀.

Àdánìkanwà kì í ṣe pé kò séèyàn lọ́dọ̀ ẹni. Èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ohun tó ń dá mi lóró ni pé kò sí ẹni tó mọ èmi tó ń dẹ́rìn-ín pani. Nílé, tí mo bá sọ̀rọ̀ méjì, àwọn èèyàn á ti máa di ìhà mú. Níbí, mo di obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó máa ń sọ pé "thank you." Èmi gan-an ò mọ obìnrin náà rí.

Màmá mi máa ń pè mí ní ọjọ́ Ìsinmi tí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Télọ̀ ni, ojú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ ríran sí abẹ́rẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ṣì le, ẹnu Èkìtì rẹ̀ kò sì yí padà. Bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù dà bíi katikísìmù: ìbéèrè kan, ìdáhùn kan.

"Ṣé ara le?"

"Ara le, Mọ́mì."

"Uṣẹ́ ńkọ́?"

"Ó ń lọ."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun."

"Kí lo jẹ?"

"Iyán ni, Mọ́mì."

Irọ́ ni. Búrẹ́dì ni.

"A dúpẹ́. Ṣé o ti rí Ọba?"

Gbogbo ìlú tó bá ti ní yìnyín, Lọ́ńdọ̀nù ni lójú Màmá mi. Ó gbà pé àdúgbò kan náà ni èmi àti Ọba ń gbé, bóyá ojúlé díẹ̀ ló wà láàárín wa. Lẹ́yìn náà yóò gbàdúrà, èmi á ṣe àmín, fóònù á kú. Tó bá kú tán, mo máa ń jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀, bí ẹni pé ẹnì kan ṣì kù tí yóò sọ̀rọ̀.

Bàbá Albert ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè gidi. Ó ní, "Níbo lo ti wá?" Mo ní Nàìjíríà. Ó ní, "Nàìjíríà tóbi. Apá ibo?" Mo ní Èkìtì. Ó ní, "Apá ibo ní Èkìtì?" Omi bọ́ lójú mi, mo sì díbọ́n pé ọṣẹ ló ta sí i. Mo sọ ti Ìkẹ́rẹ́ fún un, àti ti àpáta tó wà lẹ́yìn ilé wa tí a máa ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Mo sọ bí òbúkọ aládùúgbò wa ṣe wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè, tó jẹ iṣu Olúwa, tó sì tún dúró gba ìbùkún. Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí eyín rẹ̀ fi bọ́ sínú tíì. Ó ní bí n kò bá sọ̀tàn míì lọ́la, òun ò ní wẹ̀.

Òun náà ń san án padà. Ó ní nígbà tí òun wà ní ọ̀dọ́, òun ló ń pín lẹ́tà ní àwọn abúlé tó wà lórí òkè. Tòlótòló kan wà ní oko kan níbẹ̀ tó kórìíra aṣọ ìjọba. Bó bá ti rí òun báyìí, ó di eré. Ó lé òun gun igi, ó lé òun wọ odò. Nígbà tó sú òun, òun bẹ̀rẹ̀ sí í gbé búrẹ́dì lọ́wọ́ fún un. Kàkà kí tòlótòló náà jẹ búrẹ́dì kó padà sílé, ṣe ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé òun kiri. Bí òun bá kan ilẹ̀kùn, tòlótòló náà á dúró lẹ́yìn òun, á na ọrùn. Gbogbo abúlé sì sọ ọ́ ní Igbákejì Ọ̀gá.

Bàbá Albert kú ní ọ̀sán kan lẹ́yìn oúnjẹ, lórí àga rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Susan, wá láti kó ẹrù rẹ̀. Mo ń bá a ká aṣọ nígbà tó dúró, tó di ṣúẹ́tà bàbá rẹ̀ mú.

Ó ní, "Ṣé bàbá mi máa ń bá yín sọ̀rọ̀? Èèyàn líle ni. Kò sọ nǹkan kan fún wa rí."

Mo ní, "Ó sọ ti tòlótòló fún mi."

Ó ní, "Ti kí ni?"

Mo sọ ọ́ fún un. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń sọ̀tàn nílé, mo na ọrùn, mo ju apá. Mo gbàgbé láti ká ahọ́n. Susan jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, n ò mọ èyí tó pọ̀ jù. Ó ní, "Bàbá mi? Tòlótòló lé bàbá mi gun igi?" Kò sọ "pardon" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó tán, ó bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún òun gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́, pé òun fẹ́ kà á níbi ìsìnkú.

Mo ní, "Èmi? Èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé."

Lójú mi, òǹkọ̀wé jẹ́ ẹni tó ti kú. Gbogbo àwọn tí a ka ìwé wọn níléèwé, yálà wọ́n ti kú ni, tàbí wọ́n wọ awò ojú tó nípọn, tí wọ́n fọwọ́ lẹ́rán nínú fọ́tò bí ẹni tí eyín ń ro. Èmi kò tíì kú, eyín ò sì ro mí. Ṣùgbọ́n mo kọ ọ́.

Níbi ìsìnkú, wọ́n jókòó bí àwọn tó ń ṣèdánwò. Kò sí ẹni tó ké, kò sí ẹni tó kọrin sókè. Susan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo kọ. Nígbà tó dé ibi tí tòlótòló ti wọ odò tẹ̀lé bàbá rẹ̀, ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín níwájú, ẹlòmíràn gbà á, àfi bí gbogbo ilé ṣe dà wó fún ẹ̀rín. Bàbá arúgbó kan dìde lẹ́yìn pátápátá, ó na ọ̀pá rẹ̀ sókè, ó pariwo pé, "Mo mọ tòlótòló yẹn! Ó fẹnu ṣá ìyá mi lẹ́sẹ̀!"

Mo ronú nínú bọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń padà sílé. Ká ní bàbá yìí kò rí mi sọ ọ́ fún, tòlótòló náà ì bá bá a wọ ilẹ̀ lọ. Àjèjì tó ti Èkìtì wá, tó ń fọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ni ìtàn náà bọ́ sí lọ́wọ́. Mo wá bi ara mi: kí ni èmi mọ̀ nípa ìyá tèmi? Mo mọ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò. Mo mọ ẹsẹ̀ tó ń dùn ún. Ṣùgbọ́n ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín nígbà tó wà ní ọmọge, n ò mọ̀. N ò bi í rí.

Bí ó ti di ọjọ́ Ìsinmi, mo bi í. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ sọ bí ayé yín ṣe rí nígbà tí ẹ wà lọ́dọ̀ọ́ fún mi."

Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Kí ni dókítà sọ?"

"Dókítà wo? Mọ́mì, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni."

Ó ní, "Ó dáa." Ó gbàdúrà, èyí tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì pa fóònù. N kò tíì mu omi tán tí ẹ̀gbọ́n mi, Bọ̀dá Dípọ̀, fi pè mí láti Adó pé òun gbọ́ pé ara mi ò yá. Ó tó ìgbà díẹ̀ sí i, pásítọ̀ pè. Ó ní kí n má bẹ̀rù, pé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ nítorí mi. Ìyá kan nínú wọn tilẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ pásítọ̀, ó ní kí n má ṣe jẹ́ kí òyìnbó là mí níkùn. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń pè káàkiri láti fi dá wọn lójú pé n ò fẹ́ kú.

Nígbà tí Màmá mi gbà pé ìtàn lásán ni mo fẹ́, inú bí i díẹ̀ nítorí ààwẹ̀ tó ti gbà. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín kékeré, mo gbọ́ ọ lórí fóònù.

Ó ní, "Ẹni tó bá sọ fún ọ pé unú ẹgbẹ́ akọrin ni èmi àti bàbá rẹ ti pàdé, urọ́ ló pa."

"Mọ́mì, Dádì ló sọ fún wa."

"Mo mọ̀. Òun náà ni mò ń bá wí."

Bàbá mi ti dolóògbé ní tirẹ̀. Ọ̀gá iléèwé ni, olórí akọrin sì ni, èèyàn tó máa ń di bọ́tìnnì ọrùn rẹ̀ nínú ooru. Èmi tí mo rò pé mo mọ̀ ọ́n dáadáa jókòó, mo fetí sílẹ̀.

Ọmọ Èmùré ni Màmá mi. Nígbà tó di ọmọge, wọ́n mú un wá sí Ìkẹ́rẹ́ kó wá kọ́ṣẹ́ ránṣọ lọ́dọ̀ ìyáàfin kan. Láti Èmùré sí Ìkẹ́rẹ́ kò jìnnà. Ẹni tó wọ mọ́tò kò ní tíì sùn dáadáa tí yóò fi débẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnu yàtọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó dé, ìyáàfin rán an sí aládùúgbò kan pé kó lọ yá nǹkan wá. Ó dé ibẹ̀, ó pe nǹkan náà bí wọ́n ṣe ń pè é nílé wọn. Ohun tí ọ̀rọ̀ náà túmọ̀ sí ní Ìkẹ́rẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọge ń yá lọ́wọ́ ọkọ ọlọ́kọ. Màmá mi sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi lórí fóònù. Èmi kò ní kọ ọ́ síbí, nítorí ọmọdé lè kà á. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì di orúkọ tí wọ́n ń pè é.

"Mo bá dákẹ́," ni Màmá mi wí. "Bí wọ́n bá kí mi, mo mi orí. Àfi bíi pé wọ́n fi òwú rán ẹnu mi pọ̀."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó di sísọ́ọ̀sì rẹ̀ mọ́ ìró, ó sì fẹsẹ̀ rìn, ó dorí kọ ọ̀nà Èmùré. Ó ti rìn jáde nílùú nígbà tó gbọ́ tí agogo ń dún kíkankíkan lẹ́yìn rẹ̀, tí ẹnì kan ń ké pé, "Ẹ yàgò! Ẹ yàgò fún mi!" Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló ń bọ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ó wọ ṣòkòtò péńpé funfun, ojú rẹ̀ yọ síta. Ó yá kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń gùn ún lọ, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró.

"Ó yà fún mi, ó wọ oko ẹ̀gẹ́ lọ ràì. Mi ò rí i mọ́. Ẹsẹ̀ méjì ni mò ń rí lókè, àti táyà tó ń yí. Ùgbà tó pẹ́, ó dìde láàárín ẹ̀gẹ́, ewé wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, 'Ẹ káàsán o.'"

Màmá mi ní òun rẹ́rìn-ín títí òun fi jókòó sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Òun kò tíì rẹ́rìn-ín rí láti ìgbà tí òun ti dé Ìkẹ́rẹ́. Ibi tí ẹ̀rín ti gba òun lọ́kàn, òun gbàgbé pé wọ́n ti rán òun lẹ́nu. Òun fi ẹnu Èmùré pọ́nńbélé bi í pé ṣé kò ṣèṣe. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Tún un sọ."

"Kí ló dé?"

"Ó dùn ún gbọ́."

Kókósẹ̀ rẹ̀ ti rọ́. Màmá mi ló bá a ti kẹ̀kẹ́ padà sí Ìkẹ́rẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń tiro lẹ́yìn.

"Mo ní tó bá di ọ̀la, mo máa lọ sí Èmùré."

"Ìgbà wo lẹ wá lọ, Mọ́mì?"

"Ùgbà tí wọ́n fẹ́ ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́."

A rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rò pé ìwọ nìkan lo lọ sí Lọ́ńdọ̀nù? Ìkẹ́rẹ́ ni Lọ́ńdọ̀nù tèmi."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ sọ òtítọ́ fún Màmá mi. Mo sọ ti "pardon". Mo sọ ti àgbọ̀n tó ń ro mí. Mo ní iyán tí mo ń jẹ kì í ṣe iyán, búrẹ́dì ni.

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹni tó jẹ uyán kì í yára dáhùn bẹ́ẹ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn náà ní Yorùbá, lórí tábìlì kékeré tó wà nínú yàrá mi. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo kà á sí i létí lórí fóònù. Mo ń retí kó sunkún.

Ó ní, "Ó dára. Ta ni obìnrin náà?"

"Mọ́mì, ẹ̀yin ni."

"Èmi kọ́. Obìnrin yìí ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìkéde ní ṣọ́ọ̀ṣì. O ní mo ní, 'Mo ń lọ sí ilé.' Èmi ò sọ 'ilé' rí láyé mi. Ulé ni. Wọ́n ti fi ẹnu mi ṣẹ̀sín ní Ìkẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ìwọ náà tún wá gbà á lẹ́nu mi."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Àwọn àgbà ní ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Èmi ti gba ìkàn lọ́wọ́ oníkàn, mo ń bá a pariwo pọ̀ún. Ohun tí mò ń sunkún pé ilẹ̀ òkèèrè ṣe sí mi, òun gan-an ni mo jókòó ṣe sí ìyá mi lórí ìwé. Mo pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, mo tún un kọ. Mo jẹ́ kó sọ ulé, mo jẹ́ kó sọ uṣẹ́. Mo tún àwọn ìtàn míì kọ mọ́ ọn: ti òbúkọ, ti bọ́ọ̀sì tí mo kí, ti orúnkún mi àti omi dídì. Nígbà tí mo kà á sí Màmá mi létí lẹ́ẹ̀kejì, ó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n. Mo mọ ẹni yìí."

Àfi Bọ̀dá Dípọ̀ tó gbọ́ pé mo fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó pe èmi àti Màmá pọ̀ sórí fóònù.

Ó ní, "Ẹ gbọ́ mi o. Ọ̀gá iléèwé ni Dádì. Àwọn ọmọ tó kọ́ ti di èèyàn ńlá. Ṣé a ó wá gbé ìwé jáde pé kò mọ kẹ̀kẹ́ gùn? Pé orí rẹ̀ wọ oko ẹ̀gẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè? Orúkọ ẹbí ńkọ́?"

Òótọ́ ni pé orúkọ ẹbí wa ni, kì í ṣe tèmi nìkan. Mo ti ń rò ó lọ́kàn pé n ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àpótí.

Màmá mi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Dípọ̀, nígbà tí a sin bàbá rẹ, ìwọ lo kọ ùwé ùsìnkú. O kọ gbogbo uléèwé tó lọ. O kọ oyè tí wọ́n fi jẹ nínú ìjọ. O ní ọmọlúàbí ni, olùfẹ́ ẹ̀kọ́ ni. Mo mú un dání, mo ń wá ọkọ mi nínú rẹ̀, mi ò rí i. Gbogbo òkú tí wọ́n ti ń sin ní Ìkẹ́rẹ́ ló jẹ́ ọmọlúàbí. Ẹyọ ẹnì kan ló wọ oko ẹ̀gẹ́ nítorí kó má baà gbá mi. Òun ni ọkọ mi. Jẹ́ kí ọmọ mi kọ ọ́."

Nígbà tí Bọ̀dá mi sọ̀rọ̀, kò sọ ọ́ bí oníròyìn mọ́. Ó ní, "Mọ́mì, kò mọ mọ́tò wà náà o. Ó kàn máa ń di sítíárìn mú pinpin ni, á máa gbàdúrà."

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Adó ló tẹ ìwé náà. Ó tín-ín-rín, ẹni tó bá rí i lókèèrè lè rò pé ìwé orin ni. Lọ́jọ́ Sátidé tí wọ́n fẹ́ kó o jáde ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Ìkẹ́rẹ́, mo wà lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa, tó ti mọ̀ báyìí pé tí mo bá kúnlẹ̀ n kò ṣubú, gbà mí láyè kí n gbé fóònù mi ti agolo ṣúgà lórí tábìlì pálọ̀. Àwọn arúgbó ti àga wọn sún mọ́ ọn. Lọ́hùn-ún, Bọ̀dá Dípọ̀ ló ń gbé fóònù tiẹ̀ kiri kí n lè rí gbogbo èèyàn.

Wọ́n pe Màmá mi pé kó ka ojú ewé kan. Ó wọ awò, ó ṣí ìwé, ó wò ó, ó pa á dé. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún un yín." Ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó dé ibi ọ̀rọ̀ Èmùré tí èmi kò kọ, ó pè é tòótọ́-tòótọ́ nínú gbọ̀ngàn ìjọ Ọlọ́run. Pásítọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Àwọn ìyá fi gèlè bojú, èjìká wọn ń gbọ̀n. Màmá mi dúró láàárín wọn pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ṣe é lẹ́sín nígbà ọmọge rẹ̀, ó sì di tirẹ̀.

Bọ̀dá mi ní ká wá gbàdúrà ìkádìí, ṣùgbọ́n ìyá arúgbó kan ti dìde lẹ́yìn. Ó tẹ̀ lórí ọ̀pá, ó kéré bí ọmọdé. Ó rìn wá síwájú, ó gba maiki lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú fóònù bíi pé fèrèsé ni, tí mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ tó ń kọ ọ́. Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí, Mà."

"Mú bírò. Ìlúmọba ni mo ti wá, wọ́n fi mí fọ́kọ níbí, mi ò mọ ẹnì kan. Kò sí ẹni tó bi mí rí." Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ díẹ̀. "Kọ́kọ́ kọ ọ́ pé mo ga nígbà náà."

Mo kọ ọ́. Ìyá òyìnbó kan tó jókòó tì mí lórí àga oníkẹ̀kẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, fà mí láṣọ. Ó ní kí ni ìyá yẹn wí. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó wo fóònù, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì.

"Èmi náà," ó ní. "Kọ tèmi sí i."